Máńgòrò Tó Rọ̀ Jù Fún Ọjà

Ní Benue, bí máńgòrò bá ti kún ọjà, èyí tó ti rọ̀ kì í rẹ́ni rà. Ẹ má tíì dà á nù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi irú èso bẹ́ẹ̀ ṣe cobbler, àkàrà òyìnbó eléso, nínú agbada irin tó wúwo. Ẹ yọ́ ìdajì ife bọ́tà nínú rẹ̀. Ẹ po ife fúláwà 1, ife mílíìkì 1, ìdajì ife ṣúgà (máńgòrò fúnra rẹ̀ dùn) àti ṣíbí kékeré 2 baking powder. Ẹ dà á lé bọ́tà náà. Ẹ to máńgòrò gígé lé e, ẹ má rò ó pọ̀ o! Ẹ dé e, kí ẹyin iná orí ìdérí pọ̀ ju ti abẹ́ lọ, torí ìsàlẹ̀ ló ń yára jó. Tójú rẹ̀ bá pọ́n, ó ti jinná.

Ẹ má jẹ́ kó sùn nínú agbada: omi èso ń mú irin dípẹtà.