Háhá Àti Ṣúkù Àgbàdo Tí À Ń Dà Nù Ní Pedro, Iná Ló Wà Nínú Ẹ̀!

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fi ṣẹ̀rín, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Pedro, níbi tí ìyá kan ti ń sun àgbàdo. Háhá ti ga dé orókún lẹ́yìn àpótí tí ìyá náà jókòó lé, ṣúkù tí àwọn oníbàárà jẹ tán sì wà káàkiri ilẹ̀. Èédú ni ìyá yìí fi ń sun àgbàdo, owó ló sì fi ra èédú ọ̀hún. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á tún fún àwọn ọmọ tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí lówó kí wọ́n bá òun kó háhá lọ. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síbẹ̀, télọ̀ kan jókòó ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour". Kò tàn án.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ò ránṣọ lónìí ni?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, tí mo bá ra epo sínú eléyìí tán, kí ni n ó jẹ?"

Ẹ ò lè bá a wí. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà nílé epo. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń lọ sópin, ó ti ń sáré yí 1,000 náírà ká. Ohun tó wá dùn mí ni pé ìyá alágbàdo ń sanwó kí wọ́n bá a kó ohun tó lè di iná dà nù, télọ̀ ń wá iná, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ara wọn lójú láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ má pè é ní ọgbọ́n òyìnbó o. Àwọn ìyá wa tó ń fọ epo pupa, ìhá tó kù lára ẹyìn ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ògùṣọ̀ tí wọ́n ń tàn rìn lóru. Èésan ni alágbẹ̀dẹ ń kó síná tó fi ń rọ ọkọ́. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Lafarge ní Ewékorò pàápàá ti fi èésan kún ohun tí wọ́n ń dá síná. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ á sì rántí sítóòfù Abacha, tí ẹ̀ ń kó lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́mìlì sínú ẹ̀ nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Èmi kò tíì dáyé nígbà náà, ìyá mi ló sọ fún mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ohun tó bá tutù, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn tó ti jẹrà, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi àti ìgbẹ́ màálù, wọ́n á dà á sínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti gbàgbé ọbẹ̀ sínú kúlà rí, tí ẹ ṣí i lọ́jọ́ kejì tó tú "púù" sí yín lójú, ẹ ti mọ ohun tí mò ń wí. Gáàsì ni, ó sì ń jó bí èyí tí à ń rà nínú sílíńdà. Omi dúdú tó bá kù, ajílẹ̀ gidi ni fún olóko.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Orílẹ̀-èdè wa ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, èèpo ò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan máa ń kan. Tó bá kan jù, àwọn kòkòrò yẹn á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, gáàsì á dákẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi ìgbẹ́ màálù là á.

Gáàsì tó bá kún àpótí tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1, á se oúnjẹ fún bíi wákàtí 2. Tó bá jẹ́ iná mànàmáná la fẹ́, á fún wa ní nǹkan bíi yúníìtì 2, irú yúníìtì tí à ń rà sí mítà nílé. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ gbọ́: ayọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì á jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí 2. Ṣùgbọ́n máṣíìnì ìránṣọ tó ń jẹ 100 wáàtì á lò ó fún wákàtí 20.

Háhá àti ṣúkù, tí wọ́n bá ti gbẹ lóòrùn, ọ̀nà mìíràn ni tiwọn. Inú àgbá ni wọ́n ti ń jó o, wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó lè máa rú dípò kó jó fòfò. Èéfín yẹn fúnra ẹ̀ ń jó. Wọ́n á sẹ́ ẹ dáadáa, nítorí ọ̀dà inú ẹ̀ ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, wọ́n á wá gbé e wọ jẹnẹrétọ̀. Nígbà ogun Hitler, láti 1939 sí 1945, ọ̀pọ̀ mọ́tò nílẹ̀ Yúróòpù, èéfín igi ni wọ́n fi ń rìn.

Ẹ̀yin ẹlẹ́mu náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irú ọtí líle tó wà nínú ògógóró ni Brazil ń fi ìrèké ṣe, tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò, wọ́n ti dáwọ́ lé e láti 1975. Ìjọba tiwa náà kọ ìlànà jáde lọ́dún 2007 pé kí wọ́n máa po irú ọtí bẹ́ẹ̀ mọ́ bẹntiróòlù, ìdá 10 nínú 100. Ìwé ìlànà wà. Epo ọ̀hún, a ò tíì rí i ní Pedro.

Kí ló wá dé? Ní Bihar lórílẹ̀-èdè Íńdíà, iléeṣẹ́ Husk Power bẹ̀rẹ̀ sí fi èèpo ìrẹsì tan iná fún àwọn ará abúlé lọ́dún 2007. Nígbà tí wọ́n wá dé Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ibi iná kéékèèké 6 ní ìpínlẹ̀ Násáráwá lọ́dún 2021, oòrùn ni wọ́n lò. Ó yé mi. Oòrùn kì í ní kí ẹnikẹ́ni fi ọmọlanke wá gbé òun. Ṣúkù ní láti rìn dé ìdí ẹ̀rọ, táǹkì yẹn sì dà bí ọmọ ìkókó, ojoojúmọ́ ló ń jẹun.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjà èso Ìkòsí ní Kétu, tí kò jìnnà sí wa rárá, ni LAWMA ti dán an wò láàárín 2010 sí 2015, tí wọ́n ń fi èso jíjẹrà ṣe gáàsì tó ń tan iná. Ojú kan ni ìdọ̀tí ọjà yẹn wà. Tiwa ní Pedro, díẹ̀ níwájú alágbàdo, díẹ̀ lẹ́yìn ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìyókù ti wà nínú gọ́tà.

Mo padà lọ sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyá alágbàdo. Ó gbọ́ ọ dópin, ó yí àgbàdo orí iná padà. Ó ní, "Ọmọ mi, tí háhá bá wá di owó, ṣé wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìyá náà kò sì jayò pa. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ti ń sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ ẹran, tọ́ọ̀nù 3 tútù ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ tó ṣeé tà. Èèpo táwọn kan ń bù fún ewúrẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń di ọjà.

Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ télọ̀ tó bá ti da owó jọ ra irú táǹkì yìí rí, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ sọ iye tó ná yín, ẹ sọ ẹni tó ń kó ìdọ̀tí náà wá, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe ń pín iná. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde.