Òṣùwọ̀n Ìbọn àti Ojú Ọdẹ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n, òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ sọ lónìí mu púpọ̀. Ìbọn tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí ó máa bẹ̀rù rẹ̀, títí kan ẹni tí ó gbé e kọ́ èjìká pàápàá.

Bí ènìyàn bá jókòó ti àwọn ọdẹ ní Ifo, ní Mowe tàbí ní Ibafo, kò ní pẹ́ tí àríyànjiyàn yóò fi bẹ́ sílẹ̀ lórí ìbọn tí ó dára jù. Ọ̀kan yóò ní kò sí èyí tí ó dà bí ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ ilé rọ, nítorí pé bí ó bá bàjẹ́, kò sí ibi tí a kò ti lè tún un ṣe. Èkejì yóò dáhùn pé ìbọn oníkatiríìjì ẹlẹ́nu méjì ni ti òun, nítorí pé òjò kì í tètè ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kẹta yóò ní ìbọn gígùn ni ìbọn, nítorí pé òun ni í ta jìnnà. Ẹ̀kẹrin yóò kàn rẹ́rìn-ín, yóò ní ìbọn kì í pa ẹran, ọdẹ ni í pa ẹran. Gbogbo wọn ni ó ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnu wọn kì í sábà dé. Ohun náà ni òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́. Ẹ mọ obìnrin tí ó ń fi kóńgò wọn ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ́jà, ẹ sì mọ bí kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ṣe ń jí ìrẹsì oníbàárà gbé. Bí kóńgò méjì kò bá gba iye kan náà, ọjà kò lè tòrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìbọn rí. Bí ihò inú rẹ̀ kò bá dọ́gba láti ìdí dé ẹnu, tàbí bí ọta kò bá bá ihò náà mu, ọ̀nà tí ọta gbà lónìí kọ́ ni yóò gbà lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a wo ṣakabùlà, èyí tí àwọn Òyìnbó fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pè, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó kó irú rẹ̀ wá sí etíkun wa. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i. Inú ihò rẹ̀ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò ní ìlà kankan. Láyé àtijọ́, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kí ó kéré ju ihò lọ, kí ó lè rọrùn láti ki nígbà tí èérí ẹ̀tù bá ti lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Ìbọn tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ sí ogun Waterloo ní 1815, ihò rẹ̀ tó nǹkan bí 0.75 ínǹṣì, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.69 ínǹṣì lọ. Àyè tí ó ṣẹ́kù yìí ni ọta fi ń gbá ara mọ́ ìhà ihò bí ó ti ń jáde bọ̀, ibi tí ó bá sì gbá kẹ́yìn ni í darí rẹ̀. Nítorí náà, ọdẹ tí ó bá súnmọ́ ẹran ni í pa á. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè, oríire ni ó ń wá.

Ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Whitworth. Kì í ṣe ọmọ-ogun, kì í sì í ṣe ọdẹ; ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kan tí ó ṣe lè mọ ìyàtọ̀ tí kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù ínǹṣì lọ. Nígbà tí ìjọba bẹ̀ ẹ́ ní 1854 pé kí ó bá wọn wo ọ̀ràn ìbọn, ìwọ̀n ni ó gbájú mọ́. Ó dín ihò ìbọn kù sí 0.451 ínǹṣì, nígbà tí ti Enfield tí àwọn ọmọ-ogun ń lò jẹ́ 0.577. Ó ṣe ihò náà ní igun mẹ́fà, ó sì lọ́ ọ tí ó fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú 20 ínǹṣì, bẹ́ẹ̀ ni ti Enfield ń yí po lẹ́ẹ̀kan péré nínú 78. Ọta tí ó bá irú ihò yìí mu a máa pòòyì bí òkòtó bí ó ti ń jáde, òkòtó tí ó bá sì ń pòòyì dáadáa kì í ṣubú.

Ní ìdánwò tí a ṣe ní 1857, ìbọn Whitworth na Enfield pátápátá. Ní 1860, ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria ni ó yin ọ̀kan nínú wọn, tí a ti gbé lé orí ohun tí ó dì í mú, láti fi ṣí ìdíje àwọn atamátàsé. Láti 400 yáàdì, ibi tí ọta náà bà kò jìnnà sí àárín gbùngbùn ju nǹkan bí 1¼ ínǹṣì lọ.

Ǹjẹ́ ìjọba ha gba ìbọn yìí fún gbogbo ọmọ-ogun bí? Rárá o. Owó rẹ̀ pọ̀ jù, ihò tí ó fún bẹ́ẹ̀ a sì máa tètè dí fún èérí ẹ̀tù. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ó rò pé ohun tí ó bá ti fún ni ó dára. Ẹ̀wù tí ó fún jù yóò ya. Èyí tí ó ṣò jù yóò bọ́ lára. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ni ẹni tí ó mọ iye àyè tí ó yẹ kí òun fi sílẹ̀. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ihò yìí kò gbọdọ̀ tóbi ju báyìí lọ, kò sì gbọdọ̀ kéré ju báyìí lọ. A ó wá fi irin ìwọ̀n méjì dán an wò: èkínní gbọ́dọ̀ wọlé, èkejì kò gbọdọ̀ wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi lè yọ irin kan lára ìbọn kan kí a sì fi sára òmíràn láìfi fáìlì kàn án.

Alágbẹ̀dẹ wa kò gọ̀. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó rọ lánàá àti èyí tí ó rọ lónìí, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Bí ó bá sì jẹ́ páìpù omi ni a sọ di ìbọn, ewu dé. Páìpù tí a ṣe fún omi kò mọ agbára ẹ̀tù. Ọjọ́ tí ó bá bẹ́, ọwọ́ àti ojú ọdẹ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ iyì ìbọn tí a ṣe dáadáa. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó bá àwọn Èkìtìparapọ̀ wá ìbọn tuntun tí a ń ti ìdí ki. Àwọn ará Ìbàdàn, tí wọ́n mọ ogun jà, kò sì lè lé wọn kúrò níwájú wọn, títí a fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò kékeré kan. Ìbọn tí ó bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣìnà ní 100 yáàdì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni yóò fi ṣìnà ní 400 yáàdì. Láyé àtijọ́, igbó ni í gba irú ìṣìnà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rélùwéè ti gba Ifo kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní 1901, láti 1978 tí a sì ti ṣí títì ńlá Èkó sí Ìbàdàn ni ilé ti ń hù bí olú ní Ibafo àti Mowe. Ibi tí ọdẹ àgbà ti ń dẹ ọ̀yà ní èwe rẹ̀, ilé ìwé àti ilé gbígbé ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Ọta tí kò ba ẹran kò ṣègbé o. Ó ń wá ibi tí yóò wọ̀ ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tiwa nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí dídán ra ìbọn. Òfin ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà pàápàá sílẹ̀. Kí olúkúlùkù gba àṣẹ kí ó tó gbé e. Kí ó fi ìbọn rẹ̀ lé orí ohun tí kò mì, ní ibi tí òkìtì yẹ̀pẹ̀ ńlá wà lẹ́yìn àmì, kí ó yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó sì wo ibi tí ọta bà. Ìbọn tí ń ṣì síbì kan náà nígbà gbogbo sàn ju èyí tí ó bà á lónìí tí ó sì ṣì í lọ́la. Ẹni tí ń pa irọ́ kan náà lójoojúmọ́, a mọ bí a ṣe ń gbọ́ tirẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ọdẹ má ṣe yìnbọn sí igbó tí ń mì títí ojú rẹ̀ yóò fi rí ohun tí ń mì ín. Òṣùwọ̀n tí ó dára jù lọ ní ayé kò lè ran ojú tí ń kánjú lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.