Ta Ni Yóò Jẹ Oyè Nínú Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ?

Ẹ̀yà ara là ń kọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì nígbà tí ọmọ kan béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ọpọlọ ṣe ń bá ìka ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀?" Mo ní iṣan ni. Ó ní: "Ṣé èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni?" Ẹ ò rí nǹkan! Iṣan la ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan náà la ń pe okùn tí ìmọ̀lára ń gbà. Ti ìkejì ni mo fẹ́ sọ.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà kì í ní okùn kankan. Róbótó ló rí. Lẹ́yìn náà, ó yọ ọwọ́ kéékèèké bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ọmọ oyè tó ń du ìtẹ́ ni wọ́n ń ṣe: ọ̀kan á nà, á tún súnkì, òmíràn á nà. Tó bá yá, ọ̀kan á sáré síwájú, kò ní dúró mọ́. Òun ni axon, tí ń ránṣẹ́ jáde. Àwọn yòókù á di dendrite, tí ń gba iṣẹ́ wọlé. Axon tó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dé ìka ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè gùn tó mítà kan.

Kí ló ń yan ọ̀kan? Ní 1999, Frank Bradke àti Carlos Dotti fi hàn pé èròjà kan tó ń jẹ́ actin hun bí àwọ̀n sí ṣóńṣó ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tí àwọ̀n tirẹ̀ bá dẹ̀ ló ń rí ọ̀nà lọ.

Ti 1987 ló yà mí lẹ́nu jù. Dotti àti Gary Banker gé axon sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ eku tí a kò tíì bí, èyí tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo. Nígbà tí wọ́n gé e mọ́ ìdí, ọwọ́ mìíràn tí ì bá di dendrite ló gorí ìtẹ́!

Lára àgbàlagbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní TIRR Memorial Hermann, ní Houston wa níbí, àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn fara pa ń kọ́ bí wọn yóò ṣe tún lo ara wọn, nítorí axon tó já níbẹ̀ kì í sábà hù padà.

Ọmọ náà ní: "Tèmi ńkọ́?" Mo ní ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè hù, bíi mìlímítà kan lójúmọ́, ṣùgbọ́n ti inú eegun ẹ̀yìn ṣòro. Nígbà tí a jáde, ó ti de bẹ́líìtì rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó wọ mọ́tò.