Ọwọ́ Lásán Dá Ẹlẹ́wù Irin Lulẹ̀!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fojú inú wo ọ̀gá ọlọ́ṣà kan tó fi irin bora láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. 1,500 owó wúrà ló fi ra ẹ̀wù irin náà. Ẹ fi idà bù ú, gbàgà! idà ta padà. Ẹ ta á lọ́fà, ọfà já bọ́ sílẹ̀. Kí lẹ máa wá ṣe fún un? Àwọn tó mọ eré tí mo fẹ́ ròyìn yìí á ní kẹ́ ẹ di abiyamọ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì gbé e ṣánlẹ̀.

Eré orí tábìlì ni o, kì í ṣe ìjà gidi. Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé e jáde lọ́dún 1974, ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ̀yin ṣúmẹ́kà, ẹ gbọ́ tiyín: nígbà tí iṣẹ́ inṣọ́ránsì bọ́ lọ́wọ́ Gygax, bàtà ló ń tún ṣe nínú ilé rẹ̀ kó tó di pé eré yìí jáde.

Ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á mú akọni kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ibi tó máa já sí, dáìsì ló máa parí ẹ̀. Kì í ṣe dáìsì lúdò tá a mọ̀ o. Ojú 20 ni eléyìí ní.

Ó dáa. Ká ní Àkànbí, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ló kò ó lójú ọ̀nà. Agbára Àkànbí jẹ́ 5, á sì máa fi 5 yìí kún iye tí dáìsì bá mú wá. Ẹ̀wù irin ọlọ́ṣà ń béèrè 18. Ìyẹn ni pé dáìsì gbọ́dọ̀ mú 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá kí idà tó wọlé. Tó bá bù ú nígbà 100, bí ìgbà 40 ló máa bà á. Owó wúrà ń ṣiṣẹ́!

Ṣùgbọ́n ìjàkadì ò mọ ẹ̀wù. Nínú òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, àwọn méjèèjì á ju dáìsì, Àkànbí á fi 5 kún tiẹ̀, ọlọ́ṣà á fi bí 3 kún tiẹ̀, ẹni tó bá pọ̀ jù ló borí. Wọn ò tiẹ̀ ka ẹ̀wù náà sí rárá. Ẹ̀rín pa mí níbi tí mo ti kà á. Kí Àkànbí ṣáà ní ọwọ́ kan tó ṣófo. Tó bá ti dì í mú, ìrìn ọlọ́ṣà ti di òdo. Tó bá tún kan Àkànbí, á wá gbìyànjú láti dá a lulẹ̀.

Ibẹ̀ lewu ò. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, idà ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́ṣà, dídì tí wọ́n dì í mú ò sì ní kó má bù ú. Àkànbí lè ti gbọgbẹ́ kó tó rí i gbé ṣánlẹ̀.

Nínú ìjàkadì tiwa, tí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, onílù á yí ìlù padà, ó parí. Níbí, ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣubú máa ń ná ìdajì ìrìn rẹ̀ láti dìde. Tó bá lè rin ẹsẹ̀ bàtà 30, 15 ti lọ sí dídìde. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ wá jẹ́ òdo ńkọ́? Ó di kó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀! Ẹni tó bá sún mọ́ ọn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 á máa ju dáìsì méjì, á mú èyí tó tóbi. Ìgbà 40 yẹn á di 64. Ọlọ́ṣà fúnra rẹ̀, tó bá fẹ́ bù wọ́n láti ilẹ̀, á ju méjì, èyí tó kéré ni wọ́n máa kà fún un.

Ẹni tó máa bínú ni ọ̀rẹ́ Àkànbí tó ń tafà lókèèrè, nítorí èyí tó kéré ni wọ́n máa kà fún òun náà. 40 rẹ̀ á di 16. Mi ò rí àìdáa níbẹ̀. Tí ìbọn bá dún lọ́jà, ṣebí ilẹ̀ la máa ń dùbúlẹ̀ sí?

Òfin ọ̀hún ò fìgbà gbogbo rọrùn báyìí. Nínú ìwé ọdún 2000, alátakò á kọ́kọ́ bù ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá bà ẹ́, o ti pàdánù. Tí kò bá bà ẹ́, wàá ju dáìsì láti fọwọ́ kàn án, wàá tún jù ú láti dì í mú, wàá wá ṣírò ta ló ga ju ta lọ. Háà! Ọmọ ènìyàn á ti sùn lọ.

Ti ọdún 2024 ló wù mí jù. Àkànbí ò ju nǹkan kan: 8 pẹ̀lú 5 rẹ̀ jẹ́ 13, ẹni tó fẹ́ dì mú ló máa ju dáìsì, tí tiẹ̀ ò bá tó 13, wọ́n ti mú un. Tó bá wá fẹ́ bu ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó dì í mú, dáìsì méjì, èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n kí Àkànbí má lọ dì mọ́ òmìrán o. Ẹni tó bá fi ìpele ìtóbi kan péré jù ú lọ lòfin gbà á láyè láti mú.

Ó wá ku ọ̀gá ọlọ́ṣà nílẹ̀. Ó lè jà bọ́, ṣùgbọ́n idà rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ó sì lè bu Àkànbí láti ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ lẹ́tà sí wa, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa ṣe?