Kí ló dé tí róútà méjì kò fi gbọ́ ara wọn? Ohun tó yẹ kí oníléeṣẹ́ yẹ̀ wò kó tó náwó

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ìdí nìyí tí àwọn oníléeṣẹ́ kan fi ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ méjì, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀kan bá já. Ṣùgbọ́n owó kejì yẹn lè wọgbó bí róútà yín àti ti ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín kò bá bára wọn sọ̀rọ̀.

BGP ni wọ́n ń pe èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó sì ti wà láti ọdún 1989. Òun ni róútà fi ń kéde ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, tí ìkéde yìí dáwọ́ dúró ní Facebook lẹ́yìn àṣìṣe kan nídìí àtúnṣe, bíi wákàtí mẹ́fà ni Facebook, WhatsApp àti Instagram fi kú. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí.

Ẹ má jẹ́ kí 'Active' tàn yín

Bí ẹnjiníà bá fi 'Active' hàn yín lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kò tíì parí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé róútà ṣì ń wá ẹnìkejì rẹ̀, kò tíì rí i bá sọ̀rọ̀. 'Established' lẹ fẹ́ rí.

Ibi márùn-ún tó yẹ kí wọ́n wò

1. Kí wọ́n fi ping pe róútà kejì. Bí kò bá dáhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wáyà tàbí àdírẹ́sì ló lẹ́jọ́, kì í ṣe BGP.

2. Ojú ọ̀nà TCP 179 ni BGP ń gbà. Bí firewall bá tì í, ọ̀rọ̀ ò lè kọjá.

3. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà AS tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà ẹnìkejì kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìkíni, wọ́n á sì tú ká.

4. Bí wọ́n bá lo password, ó gbọ́dọ̀ bára mu lọ́tùn-ún lósì, títí dórí lẹ́tà ńlá àti kékeré.

5. Bí róútà mìíràn bá wà láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣètò multihop, torí pé BGP láàárín iléeṣẹ́ méjì kì í sábà kọjá ẹni tó kángun sí i.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè iye ọ̀nà tí róútà yín ti gbà. Bó bá jẹ́ òdo, 'Established' lásán kò ṣe yín láǹfààní. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ wáyà kan lójú yín nígbà tí oníbàárà bá ti lọ tán, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìkejì á gbé iṣẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló nílò BGP. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà AS àti àdírẹ́sì tirẹ̀, èyí tí AFRINIC ń pín nílẹ̀ Áfíríkà, lè lo róútà tó ń fúnra rẹ̀ yí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kan sí ìkejì. Owó tó máa ná an kéré sí ti BGP dáadáa.