MRI Kékeré àti Kọ̀ǹpútà tó ń tún àwòrán rẹ̀ ṣe

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwa tí a ń bójú tó ètò ìlera ní mọ́sálásí ní Festac máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí: "Dókítà ní ká lọ ya MRI, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀rọ ibẹ̀ kò lágbára. Ṣé ká wulẹ̀ náwó síbẹ̀?"

Òòfà ni MRI fi ń ya inú ara, kò ní ìtànṣán bíi X-ray. Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà náà. Ní òkè òkun, 1.5 tàbí 3 ló wọ́pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. 58 wà ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì lágbára púpọ̀. Ẹni tó bá ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ ní Amuwo-Odofin mọ ìdí rẹ̀: òòfà ńlá ń jẹ iná, ó sì ń fẹ́ àbójútó olówó gọbọi.

Àwòrán òòfà kékeré máa ń ṣú, bíi tẹlifíṣọ̀n tí èríàlì rẹ̀ yẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà: wọ́n á kó ọ̀pọ̀ àwòrán tó ṣú àtèyí tó mọ́ fún un, títí yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti ọpọlọ. Swoop ti ilé iṣẹ́ Hyperfine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020, ń lo ọgbọ́n yìí. 0.064 tesla péré ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tó o, wọ́n sì lè tì í dé ìdí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ní Mbarara, Uganda, wọ́n to ẹ̀rọ kékeré mìíràn pọ̀ ní 2022, nítorí àwọn ọmọ tí omi ń gbá jọ sínú orí wọn. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí dókítà sáà rí ibi tí omi wà ni.

Kókó kékeré inú ọpọlọ ní tirẹ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà lè nù ún dànù bí ìdọ̀tí, ó sì lè ya ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwòrán àwọn ará òkè òkun ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí BraTS-Africa, níbi tí Udunna Anazodo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn ilẹ̀ wa jọ láti 2023.

Ẹ má torí "kékeré" sá. Ẹ bi dókítà pé: kí lẹ ń wá, ṣé ẹ̀rọ yìí lè fi í hàn? Ẹ gba àwòrán náà sórí CD, kì í ṣe ìwé èsì nìkan. Kí ẹ tó wọlé, ẹ yọ abẹ́rẹ́ híjáàbù àti òrùka, kí ẹ sì sọ bí irin bá wà nínú ara yín. Òòfà kékeré náà ń fa irin.