Ìwé Àfetígbọ́ àti Ìwé Kíkà láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí

Ìfáàrà

Ète wa nínú bébà yìí ni láti yẹ ohun tí ìwé àfetígbọ́ lè ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wò, àti ohun tí kò lè ṣe fún un. Ohun tí a ń pè ní ìwé àfetígbọ́ níhìn-ín ni ìwé tí ènìyàn kan kà sókè ketekete láti ojú-ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tí a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè máa gbọ́ ọ. Eré orí rédíò kò sí lára rẹ̀. Òṣèré a máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, a sì máa yọ níbẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé àfetígbọ́ kò gbọdọ̀ yẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Agbègbè tí a ní lọ́kàn ni ti Àjáh àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí títí dé Ẹ̀pẹ́. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni ọgbà Pan-Atlantic University wà. Bí a bá kọjá síwájú, ní Nọ́fọríjà ní Ẹ̀pẹ́, a ó kan kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi orúkọ Michael Otedola pè, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pa pọ̀ mọ́ ti Adeniran Ogunsanya ní 2022 láti fi dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote àti èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní 2023 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kò jẹ́ kí títì náà sinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbé Àjáh lè lo wákàtí méjì nínú dánfó kó tó dé kíláàsì. Kò rọrùn láti ṣí ìwé níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ ń mì, èjìká kan èjìká, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó padà. Etí rẹ̀ nìkan ni kò níṣẹ́ tó ń ṣe, bí kọ́ndọ́ bá jẹ́ kó gbádùn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kí a máa fi ìwé sínú fóònù fún wọn. Àwọn mìíràn sì ń sọ pé ọ̀lẹ ni èyí yóò sọ wọ́n dà.

Orírun rẹ̀

Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe ìwé àfetígbọ́ fún. Afọ́jú ni, pàápàá àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ní 1934 ni ìwé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà fún àwọn afọ́jú. Ní 1935 ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Ìtàn Agatha Christie kan wà lára àwọn àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Kò sí ìgbà tí etí Yorùbá kò bá lítíréṣọ̀ pàdé. Ní 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ẹ̀sìn Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Yorùbá Ronú tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1964 wọ inú àwo, ó sì dé ibi tí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ kò lè dé lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é. Àwo àti kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ewì Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti ti Lánrewájú Adépọ̀jù, kì í ṣe inú ìwé. Ẹni tó bá ní fífetí gbọ́ lítíréṣọ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ kò ì tíì ro ti àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ fò sí i pé gbígbọ́ àti kíkà jẹ́ ọ̀kan náà. Ewì ni wọ́n ṣe fún etí. Ìwé ìtàn àròsọ, ojú ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ojú àti etí

Ní 1986, Gough àti Tunmer gbé àlàyé kan kalẹ̀ tó wúlò fún wa gidigidi. Wọ́n ní òye ìwé kíkà pín sí ọ̀nà méjì: mímọ bí a ti í sọ àmì inú ìwé di ọ̀rọ̀, àti lílóye ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé a gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn. Wọn kò ro méjèèjì pọ̀; wọ́n sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì ni. Ìyẹn ni pé bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀, bó ti wù kí èkejì tóbi tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó bá gbọ́ yé e. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ́ ìwé kíkà, Yorùbá tó sì ń rí lójoojúmọ́, lára ọkọ̀, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù àti lórí fóònù, kò ní àmì ohùn. Bí ó bá wá kan ojú-ìwé tí wọ́n fi àmì sí dáadáa, àmì náà a di ẹrù sí i lọ́rùn. Ó mọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bí ó bá gbọ́ wọn. Lójú ìwé, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ lójú rẹ̀. Etí rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ kò kún. Ibi tí ìwé àfetígbọ́ ti lè ràn án lọ́wọ́ nìyí, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀ nìkan ni.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1976, Carol Chomsky kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ díẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó lè pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà wọn ń ta kókó. Ó fún wọn ní ìwé àti ohùn tí a gbà sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbọ́ kí wọ́n sì máa fojú bá a lọ, léraléra, títí wọn yóò fi lè kà á láìsí ohùn. Ọmọdé ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n wà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa wà nínú èdè ara wọn.

Mo rí èyí lójú ara mi. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń múra ìdánwò lè sọ ìtàn Àkàrà-ògùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ìyá àgbà rẹ̀ ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí i létí nígbà èwe rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ní kó ka ojú-ìwé kan sókè, a máa kọsẹ̀ ní ìlà kejì. A gba orí kan sílẹ̀ fún un lórí fóònù. Ní ìgbà kẹrin tó gbọ́ ọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó pa ohùn náà, ó sì ń kà á lọ. Nígbà tó gbìyànjú rẹ̀ nínú dánfó láìsí ìwé, oorun ló gbé e lọ títí tó fi kọjá ibi tó ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, tó ń rẹ́rìn-ín.

Èyí gbé wa dé ibi tí àwọn olùwádìí ti yapa. Ní 2010, Daniel àti Woody jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ka àpilẹ̀kọ ẹ̀kọ́, wọ́n jẹ́ kí àwọn mìíràn gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ gba máàkì tó kéré sí ti àwọn tó kà. Ní 2016, Rogowsky, Calhoun àti Tallal ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àgbà: àwọn kan gbọ́, àwọn kan kà, àwọn kan ṣe méjèèjì pọ̀, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ tó nípọn nínú òye wọn, àní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ni kí a gbà gbọ́? Èrò tiwa ni pé ohun tí wọ́n fún wọn kò dọ́gba. Ìtàn ìgbésí-ayé ènìyàn ni ti 2016, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń fa ara wọn lọ. Àpilẹ̀kọ tó gba àròjinlẹ̀ ni ti 2010. Ojú lè padà sẹ́yìn sí gbólóhùn tí kò yé e láìmọ̀ pé òun padà. Etí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí ọwọ́ bá tẹ fóònù, ọwọ́ kì í sì í fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, a lè gba Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kó sì jèrè rẹ̀. Bí a bá gba Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ní 1990 sílẹ̀ lọ́nà kan náà, asán ni a ṣe, nítorí àpẹẹrẹ àti òfin inú rẹ̀ kò ṣeé dì mú pẹ̀lú etí.

Ohùn ta ni, àṣẹ ta ni?

Ẹni tí yóò kà á tún jẹ́ ìṣòro. Ẹ̀ka-èdè tó súnmọ́ ti Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ àgbà Ìbẹ̀jú ń sọ. Bí ọmọ ibẹ̀ bá kà á bí ó ti ń sọ̀rọ̀ nílé, ohùn rẹ̀ lè ṣàì bá àmì inú ìwé mu, akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ ń tọ àmì a sì ṣìnà. Kí a fi ẹ̀rọ kà á kò tíì tán ìṣòro náà, nítorí pé ìwé tí kò ní àmì kò fún ẹ̀rọ ní ohun tí yóò fi mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Ti òfin ló le jù. Òfin Ẹ̀tọ́ Oǹkọ̀wé ti 2022 fàyè sílẹ̀ fún ṣíṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn afọ́jú, ní ìbámu pẹ̀lú Àdéhùn Marrakesh ti 2013. Kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìwé odidi láti lọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ríran. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú oǹkọ̀wé ni ẹ̀tọ́ náà ń wà. Fágúnwà kú ní 1963. A jẹ́ pé títí òpin 2033 ni ìwé rẹ̀ ṣì ní olówó. Ìṣọ̀lá kú ní 2018, tirẹ̀ di òpin 2088. Orí kan tí a gbà sílẹ̀ yẹn kò kúrò lórí fóònù mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bẹ̀ wá pé kí a fi ránṣẹ́ sí àwọn lórí WhatsApp. Àwọn olùkọ́ wa tó mọ àwọn atẹ̀wé ni ó lè bá wa tọrọ àṣẹ, kódà bó jẹ́ fún orí kan péré nínú ìwé kan tí wọ́n ń ṣèdánwò lé lórí lọ́dọọdún.